Ilé ni Àbọ̀ Sinmi Oko: Bí Ìyá Mẹ́rin Ṣe Lè Fi Ohùn Ẹnu Kọ́ Kọ́ọ̀dù Oníkeje

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọmọ wa máa ń gbé bọ̀ wá sílé láti ilé-ìwé, tàbí láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ń kọ́ wọn ní dùùrù àti gìtá. Ọ̀rọ̀ náà ni “kọ́ọ̀dù.” Ọmọ á wọlé, á kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, á ní, “Màmá, kọ́ọ̀dù oníkeje ni wọ́n kọ́ wa lónìí.” Ìyá á ní, “Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ọmọ mi?” Ọmọ á gbìyànjú títí, àlàyé kò ní já gaara. Níkẹyìn á ní, “Màmá, ẹ fi sílẹ̀. Nǹkan òyìnbó ni.”

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni a fẹ́ dáhùn lónìí. Bí ó bá ṣe ìyá tí a bí ní Ìlawẹ̀-Èkìtì ni ọmọ náà ń bá sọ̀rọ̀, tàbí ìyá tí a bí ní Ìkẹ̀rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Ẹmùré, ọmọ náà ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Bíríkì tí wọ́n fi ń mọ kọ́ọ̀dù náà ti wà lẹ́nu ìyá rẹ̀ kí a tó bí òun. Ohun tí ó kù ni kí ẹnì kan fi han ìyá àti ọmọ bí a ti ń to bíríkì náà lé ara wọn.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á fi ààlà kan lélẹ̀. Orin ìgbéyàwó, orin ìkómọ, orin iṣẹ́ àti orin ayẹyẹ ni a ń sọ. Kíké Kùránì àti ìpè ìrun kì í ṣe orin, a kò sì mú wọn wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. A mọ̀ pẹ̀lú pé ọ̀rọ̀ àwọn àfáà kò pa pọ̀ lórí ohun èlò orin. Nítorí náà ohùn ẹnu ni a ó fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní dùùrù nílé lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí kò bá ní, kò pàdánù ohunkóhun.

OHÙN MÉJÌ TÍ Ń RÌN PỌ̀

Ẹ fojú inú wo ọjọ́ ìgbéyàwó kan ní Ìlawẹ̀, ìlú Aláwẹ̀, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì. Àwọn obìnrin ilé ti pé jọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn kan ń bó iṣu, àwọn kan ń fọ ìkòkò. Ọ̀kan nínú wọn lé orin, àwọn yòókù sì gbè é. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa sí ègbè náà. Kì í ṣe ohùn kan ni wọ́n fi ń gbè é. Àwọn kan mú ohùn ìsàlẹ̀, àwọn kan mú èyí tí ó ga jù ú lọ díẹ̀, ohùn méjèèjì sì ń rìn pọ̀ bí ìbejì láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Bí ti ìsàlẹ̀ bá gòkè, ti òkè á gòkè. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀, á bá a sọ̀kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sójú pátákó fún wọn. Ẹ̀gbẹ́ àwọn ìyá wọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ó ń ṣe báyìí. Ní Ọ̀yọ́ àti àgbègbè rẹ̀, ohùn kan ṣoṣo ni àwọn agbèrin sábà máa ń mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni a sábà máa ń gbọ́ ọ nínú sákárà, àpàlà àti wákà níbi ìnáwó àwọn Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n bí a bá kọjá sí ìhà ìlà-oòrùn, sí Ìjẹ̀ṣà, sí Èkìtì, sí Àkókó, ohùn á di méjì. Àwọn onímọ̀ orin tí wọ́n ti ṣe ìwádìí àṣà yìí sọ irú àlàfo tí ó máa ń wà láàárín ohùn méjèèjì: ìkẹta ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà á rántí I. K. Dairo, olórin jùjú tí wọ́n bí ní Ọ̀fà ní 1930, tí àwọn òbí rẹ̀ sì wá láti Ìjẹ̀bú-Ìjẹ̀ṣà, ní ẹ̀gbẹ́ Èkìtì. Ohùn méjì yìí wà lára ohun tí ó gbé wọ inú jùjú, tí àwo rẹ̀ fi gba gbogbo orílẹ̀-èdè kan. Ní 1963 ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè M.B.E. dá a lọ́lá. Ohun tí àwọn ìyá fi ń bó iṣu ni ó di ohun tí gbogbo ayé ń jó sí.

BÍ A TI Ń KA ÀLÀFO OHÙN

Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé-ìwé á rántí àtẹ̀gùn ohùn méje tí olùkọ́ máa ń nà ní ọ̀pá: Dò, Re, Mí, Fá, Só, Lá, Tí, kí ó tó tún kan Dò ti òkè. Obìnrin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sarah Glover, ni ó kọ́kọ́ ṣètò ọ̀nà ìkọ́ni yìí fún àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ lórin. John Curwen sì tún un ṣe, ó sì tàn án kálẹ̀ lẹ́yìn 1840. Àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá pàápàá yá mẹ́ta lò nínú rẹ̀ láti fi kọ́ wa ní àmì ohùn: Dò fún ohùn ìsàlẹ̀, Re fún ti àárín, Mí fún ti òkè.

Nísinsìnyí, bí ẹnì kan bá mú Dò, tí ẹnì kejì mú Mí, a ní ìkẹta ni ó wà láàárín wọn. Ọmọ ilé-ìwé á ní, “Àtẹ̀gùn méjì péré ni mo gùn láti Dò dé Mí. Kí ló dé tí ẹ fi ń pè é ní ìkẹta?” Ìbéèrè yìí lè rú ẹlòmíràn lójú, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó rú Yorùbá lójú. Báwo ni a ti ń ka ọjà ọrọọrún? Òní tí a ná ọjà ni a ń kà ní kìíní. Ọ̀la di kejì, ọ̀túnla di kẹta, ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e di kẹrin, ọjà sì tún dé ní ọjọ́ karùn-ún. Ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ gan-an wà nínú òǹkà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ti ń ka ohùn. Dò tí a bẹ̀rẹ̀ ni kìíní, Re ni kejì, Mí ni kẹta.

Ẹ tún wo ìsọmọlórúkọ. Ọmọ tí a bí ní Jímọ́ọ̀, Jímọ́ọ̀ tí ó tẹ̀lé e ni a ń kó o jáde, a sì ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ. Nínú orin pẹ̀lú, láti Dò ti ìsàlẹ̀ dé Dò ti òkè, ìkẹjọ ni. Orúkọ kan náà ni ó tún padà dé, bí Jímọ́ọ̀ ti tún padà di Jímọ́ọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ga sí i. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń ka ọjọ́ ìkómọ ti mọ bí a ti ń ka àlàfo ohùn.

ÌKẸTA ŃLÁ ÀTI ÌKẸTA KÉKERÉ

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù kí a tó bẹ̀rẹ̀ ilé kíkọ́. Àtẹ̀gùn méje wọ̀nyí kò ga bákan náà. Láàárín Mí àti Fá, àti láàárín Tí àti Dò òkè, ìdajì ìgbésẹ̀ ni. Láàárín àwọn yòókù, odindi ìgbésẹ̀ ni. Ẹni tí ó ní dùùrù á rí i bẹ́ẹ̀: ibi tí bọ́tìnnì dúdú kò ti sí láàárín funfun méjì, ìdajì ìgbésẹ̀ ni ó wà níbẹ̀.

Nítorí náà ìkẹta di oríṣi méjì. Láti Dò dé Mí, ìdajì ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni. A ó pè é ní ìkẹta ńlá. Láti Re dé Fá, ìdajì mẹ́ta péré ni. A ó pè é ní ìkẹta kékeré. Ẹ má ṣe jẹ́ kí òǹkà yìí dẹ́rù bà yín. Obìnrin tí ń gbe ohùn kejì lẹ́yìnkùlé kì í ka ìdajì kankan. Bí orin ti ń gòkè tí ó ń sọ̀kalẹ̀ ni etí rẹ̀ ń sọ fún un ibi tí ìkẹta ti fẹ̀ àti ibi tí ó ti há. Lóòótọ́, ohùn àwọn àgbà wa kì í fi gbogbo ìgbà bá ti dùùrù mu rẹ́gírẹ́gí, nítorí pé etí ni wọ́n fi ń wọn ohùn, wọn kò fi irin wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni.

BÍRÍKÌ LÓRÍ BÍRÍKÌ

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ ilé wa. Ẹnì kan mú Dò. Ẹnì kejì gbé ìkẹta lé e, ó mú Mí. Títí dé ibí yìí, orin Èkìtì ni. Ẹnì kẹta wá gbé ìkẹta lé Mí, ó mú Só. Dò, Mí, Só: èyí ni kọ́ọ̀dù olóhùn mẹ́ta, tí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin mọ̀. Bí ẹnì kẹrin bá tún gbé ìkẹta lé Só, yóò bọ́ sórí Tí. Dò, Mí, Só, Tí. Ẹ káàánú ọmọ tí ó ní nǹkan òyìnbó ni: kọ́ọ̀dù oníkeje dé.

Kí ló dé tí a fi ń pè é ní oníkeje, nígbà tí ó jẹ́ pé ohùn mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀? Ẹ kà á bí ọjọ́ ìkómọ: Dò kìíní, Re kejì, Mí kẹta, Fá kẹrin, Só karùn-ún, Lá kẹfà, Tí keje. Ohùn tí ó wà lókè pátápátá ni ìkeje ti ìsàlẹ̀, òun ni ó sì fún ilé náà ní orúkọ. A mú kìíní, a fo kejì, a mú kẹta, a fo kẹrin, a mú karùn-ún, a fo kẹfà, a mú keje. Mú ọ̀kan, fo ọ̀kan: gbogbo òfin rẹ̀ kò ju èyí lọ.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean-Philippe Rameau, ni ó tẹ ìwé ńlá jáde ní 1722 tí ó fi ṣàlàyé fún àwọn ará Yúróòpù pé ìkẹta tí a tò lé ìkẹta ni kọ́ọ̀dù, àti pé ohùn kan wà tí í ṣe ìpìlẹ̀ fún àwọn yòókù.

A lè fi èyíkéyìí nínú ohùn méjèèje ṣe ìpìlẹ̀. Nítorí pé ìkẹta ńlá wà, ìkẹta kékeré sì wà, adùn ilé méjèèje kò ní dọ́gba. Oríṣi mẹ́rin ni wọ́n pín sí:

1. Ńlá, kékeré, ńlá. Èyí ni Dò-Mí-Só-Tí àti Fá-Lá-Dò-Mí. Ó tutù létí, bí afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́.

2. Kékeré, ńlá, kékeré. Èyí ni Re-Fá-Lá-Dò, Mí-Só-Tí-Re àti Lá-Dò-Mí-Só. Ó ní ìrònú nínú, ṣùgbọ́n kò banú jẹ́ jù.

3. Ńlá, kékeré, kékeré. Ọ̀kan ṣoṣo ni: Só-Tí-Re-Fá. Òun ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù lọ.

4. Kékeré, kékeré, ńlá. Ọ̀kan ṣoṣo ni òun náà: Tí-Re-Fá-Lá. Ara rẹ̀ kò balẹ̀ rárá.

Bí olùkọ́ ọmọ yín bá ń lo lẹ́tà, tí Dò bá sì wà lórí C, Só-Tí-Re-Fá ni ó ń pè ní G, B, D, F. Òun ni àwọn onígìtá ń pè ní G7. Kì í sì í ṣe dandan kí Só wà nísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí Tí bá wà nísàlẹ̀, tàbí Re, tàbí Fá, kọ́ọ̀dù kan náà ni, bí ará ilé kan náà tí wọ́n pààrọ̀ ìjókòó. Ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà tò ó, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò yí padà.

OHÙN TÍ KÒ LÈ JÓKÒÓ

Só-Tí-Re-Fá ní ìwà kan tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù kò ní. Láàárín Fá àti Tí, odindi ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni ó wà. Àlàfo yìí pín ìkẹjọ sí méjì dọ́gbadọ́gba, etí kò sì rí ibi tí yóò fara tì. Tí fẹ́ gòkè lọ sí Dò, nítorí ìdajì ìgbésẹ̀ péré ni ó kù fún un. Fá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Mí, nítorí ìdajì ìgbésẹ̀ péré ni ó kù fún òun náà. Nítorí náà, bí kọ́ọ̀dù yìí bá dún, gbogbo ẹni tí ó gbọ́ ọ á máa retí. Ó dà bí àlejò tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí: kò tíì jókòó, ẹ kò sì lè gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn ará Yúróòpù pàápàá kò kọ́kọ́ gba irú ohùn bẹ́ẹ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní 1600, olùkọ́ orin kan ní Ítálì, Artusi, kọ ìwé láti bẹnu àtẹ́ lu orin Claudio Monteverdi, nítorí pé ó ń mú ohùn tí kò bára mu wọlé láì kọ́kọ́ palẹ̀ mọ́ fún un. Monteverdi kò dẹ́kun. Ó tẹ àwọn orin náà jáde ní 1605. Lónìí, ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gìtá ń lo ohun tí àwọn àgbà ìgbà náà ń bá ara wọn jà lé lórí.

Ẹ JẸ́ KÍ ILÉ KAN DÁN AN WÒ

Ẹ pe ènìyàn mẹ́rin jọ nínú ilé: ìyá àgbà, ìyálé, ìyàwó àti ọmọge. Ẹ má ṣe lo ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ máa pe “o” nìkan. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Kí ìyá àgbà mú ohùn kan tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn nísàlẹ̀, kí ó sì dì í mú. Ohùn yìí ni a ó pè ní Só. Kí ìyálé gbe ohùn kejì fún ìyá àgbà, bí ó ti máa ń gbè é níbi ìgbéyàwó. Ó ti bọ́ sórí Tí nìyẹn. Kí ìyàwó má wo ojú ìyá àgbà mọ́. Kí ó fetí sí ìyálé nìkan, kí ó sì gbe ohùn kejì fún un, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí ìkẹta náà há díẹ̀. Ó ti bọ́ sórí Re. Kí ọmọge náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó, pẹ̀lú ìkẹta kékeré. Ó ti bọ́ sórí Fá.

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí ẹni tí ó ṣe ju ohun tí obìnrin Èkìtì ń ṣe lójoojúmọ́ lọ. Olúkúlùkù gbe ohùn kejì fún ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pa á pọ̀, ó di kọ́ọ̀dù oníkeje.

Ẹ dì í mú títí ẹ ó fi gbọ́ bí ara rẹ̀ kò ti balẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń ṣìnà, kí ìyá àgbà dá mú Só, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọge á fẹ́ sá lọ bá ìyàwó lórí Re. Ẹ má bá a wí. Ohùn keje ni ó le jù láti dì mú, nítorí pé òun ni ó jìnnà sí ìpìlẹ̀ jù.

Wàyí o, kí gbogbo yín lọ sílé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá àgbà gòkè láti Só lọ sí Dò. Ìyálé gòkè díẹ̀ láti Tí lọ sí Dò. Ìyàwó sọ̀kalẹ̀ láti Re lọ sí Dò. Ọmọge sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ láti Fá lọ sí Mí. Ẹ gbọ́ bí ọkàn yín ti balẹ̀? Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ẹ sì tún fetí sí ohun tí ó kù lẹ́nu yín: ẹni mẹ́ta wà lórí Dò, ẹnì kan wà lórí Mí. Ohùn méjì, ìkẹta kan láàárín wọn. Kọ́ọ̀dù tí wọ́n ní ti òyìnbó ni yìí rìn títí, ibi tí ó sì wá jókòó sí ni orin ẹ̀yìnkùlé àwọn ìyá Ìlawẹ̀.

IGBÁ NI TÀBÍ IGBÀ?

A ní kí ẹ má ṣe lo ọ̀rọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà “igbá,” tí a fi ń bu omi, kọ ìrìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn yẹn. Ìyá àgbà àti ìyálé tí wọ́n gòkè pe igbá, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ìyàwó àti ọmọge tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, kí ni wọ́n pè? Wọ́n pe igbà, okùn tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Nínú orin kan náà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹni méjì ń bu omi, ẹni méjì ń gun ọ̀pẹ!

Èyí ni ọgbọ́n tí ó wà nínú ohùn méjì Èkìtì, tí ọ̀pọ̀ kò fi í sí. Nítorí pé ohùn méjèèjì ń gòkè pọ̀, tí wọ́n sì ń sọ̀kalẹ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ kò bàjẹ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Igbá jẹ́ igbá nísàlẹ̀, ó jẹ́ igbá lókè. Àwọn tí kò gbọ́ èdè wa lè rò pé àwọn obìnrin wọ̀nyí kò mọ bí a ti ń mú ohùn rìn lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ohùn méjì kọ èdè tí ohùn ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà, láì pa ọ̀rọ̀ kan lára. Ọmọ wa tí ó bá mọ èyí kò ní tijú orin ìyá rẹ̀ mọ́.

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí orin òyìnbó nínú ṣọ́ọ̀ṣì kọsẹ̀ sí ibí yìí gan-an. Orin ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń kọ ohun tí wọn kò ní lọ́kàn. T. K. Ekundayo Phillips, tí ó ṣe olórí orin ní Kàtídírà Ṣọ́ọ̀ṣì Kírísítì ní Èkó láti 1914 títí di 1962, tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Ó là á mọ́lẹ̀ níbẹ̀ pé orin Yorùbá gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sí ilé ẹ̀sìn kan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi èdè wa kọrin ni ó kàn.

Ṣé kí a wá fi kọ́ọ̀dù oníkeje sílẹ̀ ni? Rárá o. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà lò ó tí ọ̀rọ̀ kò fi ní bàjẹ́. Èkíní, ẹ lò ó níbi tí kò sí ọ̀rọ̀: lórí “o” tí a máa ń fà ní òpin orin. Èkejì, bí ohun èlò bá wà, ẹ jẹ́ kí gìtá tàbí dùùrù mú ohùn mẹ́rin náà, kí ohùn ènìyàn sì máa bá ìkẹta rẹ̀ lọ lókè wọn. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá fẹ́ fi ẹnu kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀, kí ẹni tí ó lé orin mú ọ̀rọ̀ nìkan, kí àwọn mẹ́ta yòókù máa fi “o” gbè é lẹ́yìn.

ÀWỌN TÍ WỌ́N TI LÒ Ó

Ọ̀nà kejì yẹn ni ó gbajúmọ̀ jù nílẹ̀ wa. Victor Olaiya, afunpè tí gbogbo Èkó mọ̀, ni a bí ní Kàlàbá ní 1930, ṣùgbọ́n ọmọ Èkìtì ni. Ìjẹ̀sà-Isu ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Láti 1954 tí ó ti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ títí di 2020 tí ó papò dà, orin hailáìfù ni ó fi ṣe iṣẹ́. Nínú hailáìfù, kọ́ọ̀dù mẹ́ta ni ó sábà máa ń gbé orin dúró: ti Dò, ti Fá àti ti Só. Ti Só yìí ni wọ́n sábà máa ń fi ohùn keje kún, kí ó lè fa àwọn oníjó padà sí Dò. Nígbà mìíràn tí ẹ bá gbọ́ hailáìfù lórí rédíò, ẹ ṣọ́ ibi tí ara yín ti ń retí pé kí orin padà sílé. Ohùn keje ni ó ń fà yín níbẹ̀.

Fela Anikulapo Kuti kọrin nínú ẹgbẹ́ Olaiya kí ó tó lọ kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958. Nígbà tí ó wá dá orin tirẹ̀ sílẹ̀, ó yí ọ̀nà padà. Ó lè dúró lórí kọ́ọ̀dù kan tàbí méjì fún ìgbà pípẹ́ láì wá ilé kankan. Ó ti gbọ́ èyí lọ́dọ̀ àwọn ará wa dúdú ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá orin búlúùsì sílẹ̀. Nínú búlúùsì, wọ́n máa ń fi ohùn keje sí orí Dò pàápàá, ara wọn sì balẹ̀ lórí rẹ̀. Nítorí náà, bí olùkọ́ ọmọ yín bá ní dandan ni kí keje lọ sílé, òtítọ́ ni ó sọ nípa orin Yúróòpù àti hailáìfù. Kì í ṣe òfin fún gbogbo ayé.

Ẹ̀YIN ÌYÁ, Ẹ MÁ ṢE DÁKẸ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kọ́ọ̀dù kò lè parẹ́. Ó wà nínú ìwé, ó wà lórí dùùrù, ó sì wà lórí tẹlifóònù àwọn ọmọ wa. Ohùn kejì àwọn ìyá wa ni ó lè parẹ́, nítorí pé ẹnu ni ó ń gbé. Bí ìyá bá ti dákẹ́ tí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ máa kọrin fún ilé, ọmọ kò ní í rí ibi tí yóò ti gbọ́ ọ. Ọmọ náà lè wá lọ sanwó kí wọ́n kọ́ ọ ní ìkẹta, èyí tí ì bá gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń gúnyán.

Nítorí náà, bí ọmọ bá tún dé láti ilé-ìwé tí ó ní kọ́ọ̀dù oníkeje ni wọ́n kọ́ òun, ẹ má ṣe ní ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí ó mú ohùn kan. Ẹ gbe èkejì fún un. Kí ẹ wá pe ìyá àgbà láti inú yàrá, kí ẹ sì pe aládùúgbò kan, kí ẹ di mẹ́rin. Bí ẹ bá ti pa ohùn pọ̀ tí ẹ sì jọ bọ́ sórí Dò àti Mí, ẹ bi ọmọ náà léèrè wò, ta ni ó ni nǹkan náà?

Ó dìgbà kan ná o. Kí Ọlọ́run bá wa dá ilé wa sí, kí ohùn ayọ̀ má ṣe tán níbẹ̀. Àmín.